Ewé tó kákò lórí tòmátì: ohun tí oko àkùrọ̀ ti fi yé mi

Nínú gbogbo ohun tó ń bá tòmátì jà ní oko àkùrọ̀ tí mo ń dá lẹ́yìn Mọ́níyà, ní àríwá Ìbàdàn, èyí tó ń dùn mí jù ni àrùn ewé kíkákò, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí kòkòrò kékeré kan tí à ń pè ní eṣinṣin funfun sì ń gbé kiri. Kòkòrò tó ń lu èso níhò ṣì máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ fún olóko. Ìjẹrà ìgbà òjò náà, èèyàn lè tètè já èyí tó bá yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í pa igi. Á fi í sílẹ̀ kó máa mu omi, kó máa jẹ ajílẹ̀, kí olóko sì máa ro ìdí rẹ̀ láti oṣù kejìlá wọ oṣù kẹta, láì so ohun tí a lè kó sínú apẹ̀rẹ̀ gbé lọ sí ọjà Ṣáṣá.

Mo ń kọ èyí nítorí pé ọdọọdún ni mo ń rí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kó owó tó yẹ kí wọ́n fi san owó ilé-ìwé ọmọ lé oògùn lórí, nígbà tí ọ̀ràn ti kọjá ohun tí oògùn lè ṣe. Ọjọ́ tí ewé bá kákò kọ́ ni àrùn dé. Ó ti dé tipẹ́. Ibi tó gbà wọlé ló yẹ kí á máa dí, ibẹ̀ kò sì ju méjì lọ: inú nọ́sìrì, níbi tí a ti ń tọ́ irúgbìn kó tó lọ sóko, àti àárín tòmátì tó ti kógbá sílé àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Orí igi ni a ti ń kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ewé tuntun tó bá yọ á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, etí rẹ̀ á máa di rúsúrúsú, á sì ká sókè. Àwọn ibi tí ẹ̀ka ti ń yọ á súnmọ́ra wọn jù, igi á kúrú, á dúró sójú kan. Òdòdó á yọ dáadáa, àmọ́ á rẹ̀ dànù kó tó di ọmọ. Èso tó bá ti wà lórí igi kí àrùn tó dé lè gbó, ó lè pọ́n, ṣùgbọ́n òmíràn kì í tẹ̀lé e.

Kì í ṣe gbogbo ewé tó bá ká ni ó ní àrùn yìí o. Bí oòrùn bá mú jù tàbí omi bá ṣe ségesège, ewé ìsàlẹ̀ lè yí wọnú ara wọn kí orí igi sì máa dàgbà lọ. Ìyẹn kì í ṣe àrùn yìí. Bí ẹni tó ń gbin àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá fín oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní 2,4-D, tí afẹ́fẹ́ gbé e wá, ewé tòmátì á fẹ́lẹ́, á gùn, á lọ́. Mo ti rí i tí wọ́n hu odindi ebè dànù nítorí irú èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ lè di rúsúrúsú láàárín àwọn iṣan rẹ̀ kí iṣan fúnra rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àìtó èròjà magnesium nínú ilẹ̀ máa ń fà á, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí eṣinṣin funfun náà ń gbé kiri sì máa ń fà á. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ọdún 2016 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ti kéde ìṣòro pàjáwìrì lórí tòmátì, ohun gbogbo tó bá ti ṣe tòmátì ni àwọn èèyàn ń pè ní "Ebola tòmátì". Èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, Tuta absoluta ni. Labalábá kékeré kan tó ń fò lóru ló ń yé ẹyin rẹ̀, ìdin rẹ̀ sì ni ó ń jẹ inú ewé àti èso. Kò bá ewé kíkákò tan rárá.

Ẹni tó ń gbé ewé kíkákò kiri ni eṣinṣin funfun. Kò gùn tó mìlímítà kan. Ẹ lọ sí oko tòmátì tàbí ilá lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbọ̀n ewé kan, ẹ ó rí i tí wọ́n á tú sókè bí eérú, wọ́n á sì tún padà bà sábẹ́ ewé kan náà. Bemisia tabaci ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdún 1889 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, lára ewé tábà ní ilẹ̀ Gíríìsì, òní yìí ó ti kárí gbogbo ilẹ̀ tó bá ń móoru láyé. Abẹ́ ewé ló ń yé ẹyin sí, abo kan sì lè yé ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá pa á rìn díẹ̀, á wá ibi kan lẹ̀ mọ́, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí á fi hu ìyẹ́. Nínú ooru tiwa, láti ẹyin dé ìgbà tó ń fò kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ń wo ojú òkè ewé nìkan kò tíì rí nǹkan kan.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Bí eṣinṣin funfun bá fa omi ara igi tó ti ní àrùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, ó ti lè kó fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì á gba inú ìfun rẹ̀ kọjá, á wọ inú ara rẹ̀, á dé ibi tí itọ́ rẹ̀ ti ń wá. Ìrìn-àjò yẹn ń gba nǹkan bíi wákàtí 8. Láti ìgbà náà, igi tó bá fi ẹnu kàn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn, agbára yẹn sì lè wà lára rẹ̀ títí tí yóò fi kú. Igi tí ó bù jẹ kò ní fi ohunkóhun hàn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni àmì á tó yọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Irúgbìn tó kó àrùn lọ́jọ́ tó ku díẹ̀ kó kúrò ní nọ́sìrì, ó máa dé oko tuntun, ó máa mú ilẹ̀, ó máa yọ ewé tó dára, inú olóko á dùn, kí orí rẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

Ìyá kan wà tí oko wọn bá tèmi pààlà. Ìyá Oníata là ń pè wọ́n. Lọ́dún kan, gbogbo tòmátì tí wọ́n gbìn ló kákò. Wọ́n dúró lẹ́bàá ebè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ yìí ti gbó. Kò gba tòmátì mọ́. Mo máa lọ gba ilẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ má tíì kúrò. Níbo lẹ ti ra irúgbìn yìí?"

Wọ́n júwe fún mi, a sì jọ lọ síbẹ̀. Irúgbìn tó wà ní títà lọ́jọ́ náà ń dán, ó tutù, kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní rà á. Àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni tòmátì àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n ti ká èso rẹ̀ tán tí wọ́n sì fi sílẹ̀. Ewé rẹ̀ ti kákò látòkè délẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbọ̀n ẹ̀ka kan, eṣinṣin funfun sì tú yíká wa. Ìyá wò ó, wọ́n wo irúgbìn, wọ́n wò mí.

"Ṣé ibí yìí ni mo ti ń rà á láti ọjọ́ yìí?"

"Ibí yìí ni, Ìyá."

Wọn kò gba ilẹ̀ tuntun mọ́. Ilẹ̀ kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń ta irúgbìn náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun lára tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ mọ inú ilé tí irúgbìn rẹ̀ gbé dàgbà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ní tèmi o, mo ń tọ́ irúgbìn mi fúnra mi, abẹ́ àwọ̀n sì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n pín ní ilé ìwòsàn. Àwọ̀n ẹ̀fọn kò lè dá eṣinṣin funfun dúró. Ojú rẹ̀ tóbi jù ú lọ, á kọjá wọlé láì fara kan òwú. Àwọ̀n tí à ń wá ni èyí tí ojú rẹ̀ há gan-an, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní 50 mesh. Ó wọ́n ju ti ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n èèyàn lè lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún bí kò bá fi í sínú oòrùn lẹ́yìn iṣẹ́. Mo máa ń tẹ ọparun kọdọrọ sórí ebè, màá ta àwọ̀n bò ó, màá sì fi erùpẹ̀ bo etí rẹ̀ yíká kí àlàfo má sí. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ dáadáa nínú àwọ̀n tó há, ooru máa ń mú irúgbìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣe é sí ibi tí ìbòòji díẹ̀ wà, tí mo sì máa ń bomi rin ín lówùúrọ̀ kùtùkùtù. Òwúrọ̀ kùtùkùtù náà nìkan ni mo máa ń ṣí i, nígbà tí òtútù ṣì wà, tí eṣinṣin funfun kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Tó bá ti di agogo mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí àwọ̀n yẹn, ọmọdé tàbí àgbà. Mo sì ń gbé e jìnnà sí ilá, ata àti tòmátì tó ti dàgbà.

Kí ló dé tí mo fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí oṣù kan péré? Nítorí pé ọjọ́ orí tí igi wà nígbà tó kó àrùn ló ń pinnu ohun gbogbo. Igi tó kó o ní nọ́sìrì, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó dé oko, kò ní so nǹkan gidi. Èyí tó kó o lẹ́yìn tó ti so ìdì èso méjì tàbí mẹ́ta máa san owó olówó rẹ̀. Bí mo bá lè ti ìjà náà síwájú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo ti ṣẹ́gun fún ọdún yẹn.

Nípa oògùn, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni inú máa ń bí àwọn èèyàn sí mi. Kò sí oògùn kankan láyé tó ń wo igi tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa, eṣinṣin ló ń pa, ó sì ṣeé ṣe kí eṣinṣin ti fi itọ́ rẹ̀ sára ewé kí oògùn tó pa á. Bí ó bá jẹ́ pé láti oko ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń wọlé lójoojúmọ́, tí o fín lónìí, àwọn tuntun á dé lọ́la. Irú kòkòrò yìí sì wà lára àwọn tó yára jù lágbàáyé láti di ẹni tí oògùn kò ràn mọ́. Ohun kan tí mo ti fi ojú ara mi rí ni pé bí wọ́n bá ń fín cypermethrin tàbí lambda-cyhalothrin lemọ́lemọ́, eṣinṣin funfun máa ń pọ̀ sí i. Alántakùn, àwọn kòkòrò alámì dúdú tó ń jẹ ẹ, àti agbọ́n kéékèèké tó ń yé ẹyin sí ọmọ rẹ̀ lára ni oògùn yẹn ń kọ́kọ́ pa. Bí mo bá fẹ́ fín nǹkan, epo dóńgóyárò tí mo pò mọ́ ọṣẹ olómi díẹ̀ ni, mo sì máa ń darí ẹnu ẹ̀rọ ìfíngùn láti ìsàlẹ̀ wá sókè kó lè kan abẹ́ ewé. Ó ń pa àwọn ọmọ eṣinṣin tó lẹ̀ mọ́ ewé. Mi ò sọ pé ó ń dá àrùn dúró.

Bí igi kan bá kákò láàárín oṣù àkọ́kọ́ lóko, mo máa ń fà á tu. Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀ mí pé kí n fún un láyè, bóyá á yí padà. Kì í yí padà. Òwúrọ̀ ni mo ń fà á, kí eṣinṣin tó jí. Màá fi àpò bò ó kí n tó mì í, màá sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fà á tu lọ́sàn-án tó sì jù ú sẹ́bàá oko, eṣinṣin ara rẹ̀ á kàn ṣí lọ sórí igi kejì ni. Èyí tó bá ti so èso púpọ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀ kí n ká a. Kò sí ìbẹ̀rù pé ọwọ́ tàbí ọ̀bẹ mi á gbé àrùn yìí láti igi dé igi. Ti fáírọ́ọ̀sì tábà ló ń ran bẹ́ẹ̀. Èyí kò ní ọ̀nà mìíràn nínú oko wa ju eṣinṣin yẹn lọ.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ń sọ pé agbára wa kò ká a. Ísírẹ́lì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ àrùn yìí dáadáa. Ní 1964 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé eṣinṣin funfun ló ń gbé e. Ó kọjá òkun dé orílẹ̀-èdè Dominican Republic ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tòmátì tí wọ́n fi ń ṣe tòmátì inú agolo run níbẹ̀. Ní 1997, ó dé Florida. Kí ni àwọn ará Dominican Republic ṣe? Ìjọba pa á láṣẹ pé fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, kí ẹnikẹ́ni má gbin tòmátì àti àwọn ọ̀gbìn mìíràn tí eṣinṣin náà fẹ́ràn. Eṣinṣin tó gbé fáírọ́ọ̀sì á kú kó tó rí igi tuntun tó máa ràn. Wọ́n fi irúgbìn tó mọ́ àti irú tòmátì tó ń fara dà á kún un, tòmátì sì padà. Ní Málì, níbi tí ojú ọjọ́ ti jọ ti òkè ọya wa, àwọn àgbẹ̀ Baguinéda gbìyànjú oṣù méjì láìsí tòmátì, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní. Fáírọ́ọ̀sì ti Málì kì í ṣe ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti Ísírẹ́lì. Ìdílé kan náà ni wọ́n, èyí tí wọ́n fi orúkọ Nàìjíríà pè náà wà níbẹ̀, eṣinṣin kan náà ló sì ń gbé gbogbo wọn.

Ní àkùrọ̀ tiwa, kò sí ìsinmi. Bí ẹni kan ṣe ń ká tòmátì rẹ̀ tán ni ẹlòmíràn ń gbìn, èyí tí wọ́n ti ká tán á sì wà níbẹ̀ fún ewúrẹ́. Igi àtijọ́ yẹn ló ń bọ́ eṣinṣin, òun náà ló ń fún un ní àrùn. Ẹ̀fọ́ odú tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá odò lè gba fáírọ́ọ̀sì yìí sára, gégemu náà lè gbà á, nítorí náà mo máa ń ro ẹ̀gbẹ́ oko mi dáadáa kí n tó gbìn. Àwọn kan máa ń di ẹ̀bi ru gbágùúdá, torí pé ewé tirẹ̀ náà máa ń ṣe jágbajàgba, tí eṣinṣin funfun sì wà lára rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ń bá gbágùúdá jà kì í ṣe èyí tó ń bá tòmátì jà. Ẹ má torí tòmátì hu gbágùúdá yín.

Irú tòmátì tó ń fara dà á ti wà. Láti ara tòmátì inú igbó ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Solanum chilense, ni wọ́n ti mú àbùdá tí wọ́n ń pè ní Ty-1 wọ inú tòmátì tí à ń jẹ. Mo ń gbin irú bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Hóró rẹ̀ wọ́n, F1 sì ni, ìyẹn ọmọ àkọ́kọ́ láti ara irú tòmátì méjì tí wọ́n pa pọ̀, èèyàn kò lè tọ́jú hóró rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀ kó sì retí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé igi náà lè gba fáírọ́ọ̀sì sára, kó máa so èso lọ, kí eṣinṣin sì máa mu ún lára rẹ̀ lọ sí oko ẹni tó gbin tòmátì ìbílẹ̀. Nítorí náà, èmi tí tèmi kò kákò náà ní ẹrù lọ́rùn. Mo ń fà á tu lọ́sẹ̀ tí mo bá ká èyí tó kẹ́yìn. Tòmátì Bẹ́sikẹ́, olójú pẹrẹsẹ onípele-n-ípele tí àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ràn fún ọbẹ̀, mi ò lè fi sílẹ̀. Ìgbà òjò ni mo ń gbìn ín, nígbà tí òjò ńlá máa ń gbá eṣinṣin wọlẹ̀.

Ohun tó kù ni ìmọ̀ràn láàárín ara wa. A ti ń sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀ àkùrọ̀ pé kí gbogbo wa fa tòmátì tu nígbà kan náà, kí ilẹ̀ sì wà láìsí i fún oṣù méjì. Àwọn tó pọ̀ jù gbà. Àwọn tí kò gbà ní ìdí tó bọ́gbọ́n mu: ìgbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ ni tòmátì ń di ọ̀wọ́n, apẹ̀rẹ̀ kan lè di ìlọ́po owó tó jẹ́ ní oṣù kìíní, ẹni tó bá sì ní díẹ̀ lóko nígbà náà lè fi san gbèsè ọdún. Mi ò lè bá wọn jà. Ohun tí a wá fi síwájú wọn ni nọ́sìrì alájọní kan lábẹ́ àwọ̀n, níbi tí ẹni tó bá fa tirẹ̀ tu lásìkò máa ti gba irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Oníata ló ní ká kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ oko wọn, nítorí kànga wà níbẹ̀. Owó àwọ̀n la ṣì ń dá.